Àbúrò mi ò jẹun mọ́, mo sì ti fọwọ́ sí i kí wọ́n fi tipá tọ́jú rẹ̀

Ọmọ_Ọ̀wàndó (Àjàṣẹ́), Ọjọ́rú, agogo 11 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ fi sùúrù kà á fún mi, torí mi ò mọ ẹni tí mo tún lè bi.

Àbúrò mi obìnrin ló ń ṣàìsàn. Ọmọ ọdún 19 ni, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé nítòsí ọjà Ọ̀wàndó. Bàbá wa ti dolóògbé, màmá wa wà ní Sakété. Lẹ́yìn ààwẹ̀ Ramadan ọdún tó kọjá ló ní òun fẹ́ san ọjọ́ tí òun jẹ nígbà nǹkan oṣù. Inú wa dùn sí i. Ó san án tán, ó fi Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ kún un, nígbà tó yá kò sí ọjọ́ tí kò gba ààwẹ̀. Ilẹ̀ á ṣú, á jẹ dàbínù mẹ́ta, á ní òun ti yó. Ló bá gba ìdáná lọ́wọ́ mi. Òun ló ń se ọbẹ̀, òun ló ń bu oúnjẹ fún gbogbo ilé, á dúró máa wò wá bí a ṣe ń jẹ ẹ́, kò sì ní fi ìka kan tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó gé àkàrà kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fi bọ́ òròmọdìẹ, ó ń fi ọmọ ìka tì í kiri inú àwo títí ó fi tutù.

Kì í ṣe pé a dákẹ́ o. A bẹ̀ ẹ́, a bínú sí i, mo tiẹ̀ nà án lẹ́ẹ̀kan, ó ń dùn mí di òní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ṣubú nílé ìwẹ̀. Mo gbé e, ó fúyẹ́ lápá mi bí ọmọ kékeré. Irun wínníwínní ti hù sí i lápá àti lẹ́yìn, bíi ti ọmọ tuntun. Ní ọsibítù, kílò 31 ni wọ́n bá lára rẹ̀, ó sì ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ dáadáa. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 38 láàárín ìṣẹ́jú kan, pé tí a bá gbé e padà sílé, ó lè sùn kó má jí. Àìsàn náà, anorexie ni wọ́n ń pè é, àìsàn ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè jẹun. Ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n sì gba imú rẹ̀ ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ inú rẹ̀ láti fún un lóúnjẹ tó bá ṣì ń kọ̀. Àbúrò mi dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tà mí fún wọn."

Mo fọwọ́ sí i. Láti Ọjọ́ Ajé ni oorun ò ti kun ojú mi. Màmá wa ní àwọn ayé ló wà nídìí rẹ̀, ká gbé e lọ sílé àdúrà. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní mo fi ọmọ olóògbé sẹ́wọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣe dáadáa?

Nọ́ọ̀sì_Kétu, Ọjọ́rú, 11:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Kí n tó dá yín lóhùn, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní èyí tó kán mi lójú jù: ṣé wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un lóúnjẹ?

Ohun tí ojú mi rí ló ń jẹ́ kí n bèèrè. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n gbé obìnrin kan wá tó ti gbẹ bí igi. Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo wa. Wọ́n fa sẹ́rọ́ọ̀mù oníṣúgà sí i lára, ìgò ń tẹ̀lé ìgò, àwọn ẹbí tún ń fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò mu lẹ́yìn wa. Ọjọ́ kejì ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta èémí rẹ̀ ń já, kí oòrùn tó wọ̀ ó ti kú. Oúnjẹ la fi pa á, a ò mọ̀.

Ẹni tí ebi ti ń pa fún oṣù púpọ̀, àwọn iyọ̀ tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́ ti tán lára rẹ̀, ìwọ̀nba tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ ló gbé e ró. Tí ṣúgà bá ya wọlé lójijì, ara á tú insulin jáde, èròjà tó ń darí ṣúgà, insulin á sì fa àwọn iyọ̀ náà, ìyẹn fọ́síféètì, pòtásíọ̀mù àti magnésíọ̀mù, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù ségesège, èémí á máa kùnà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn dókítà rí i kedere: àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n, tí ebi ò rí pa, wá ń kú nígbà tí wọ́n jẹun yó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ wò lójoojúmọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tí fítámì B1 sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ṣúgà. Ẹ má gbé nǹkan kan wọlé fún un láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, ì báà ṣe ife ògì kan.

Ní ti ìbéèrè yín, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣe dáadáa. Kílò 31 àti ìlù ọkàn 38, ikú ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ara rẹ̀ bá ti dúró díẹ̀, ẹ béèrè dókítà ọpọlọ lọ́wọ́ wọn, ìyẹn tó bá jẹ́ pé kò tíì sí níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Jacquot ní Kútọ̀nù.

Bàbá_Ṣábẹ, Ọjọ́bọ̀, 6:15 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín láti ìdájí, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Èmi náà fọwọ́ sí i rí. Àbúrò mi ọkùnrin ni, orí rẹ̀ dàrú, a gbé e lọ sí àgọ́ àdúrà kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n fi ṣẹ́ẹ́nì so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ gẹdú igi. Wọ́n ní ebi ló ń lé ẹ̀mí burúkú jáde, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ láìjẹ. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn oṣù méjì, ojú ọgbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ jìn débi pé mo rí funfun egungun. Èmi ni mo gbé e lọ. Èmi ni mo fowó lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní ó sàn kí n fi ìfẹ́ le koko, mo sì gbà.

Torí náà, ìwọ ọmọbìnrin Àjàṣẹ́, bá mi bẹ màmá rẹ: kó má gbé ọmọ tí kò jẹun lọ síbi tí wọ́n á ti fi ààwẹ̀ kún un. Ẹ ò jìnnà sí Avrankou. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Saint Camille ní ilé ìtọ́jú kan, àwọn èèyàn Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ wa tó ń lẹ táyà ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn alárùn ọpọlọ sílẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ́nì. Ẹni tó bá ṣì gbà pé ṣẹ́ẹ́nì ń woni sàn, kó lọ wò wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè, kì í ṣe láti fi dá yín lẹ́bi. Wọ́n di ọwọ́ àbúrò mi mú pé kó lè sàn. Wọ́n á di ọwọ́ àbúrò rẹ mú pé kó lè sàn. Kí ló ya okùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì? Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n gan-an, torí ọdún kẹrìnlá rèé tí mò ń bi ara mi.

Ìyá_Kétu_ní_Lyon, Ọjọ́bọ̀, 9:02 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i níbí, nítorí ọmọ tèmi náà la á kọjá, ní France.

Òfin kan wà níbí, ti ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2011. Tí ẹbí bá fẹ́ kí wọ́n tọ́jú ẹnì kan tí kò gbà, ẹbí á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé, dókítà méjì á kọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àfi tí ọ̀ràn bá kán, tí ti dókítà kan á tó. Wọ́n á tún un yẹ̀ wò láàárín wákàtí 24, wọ́n á tún un yẹ̀ wò kí wákàtí 72 tó pé. Kí ọjọ́ 12 tó pé, adájọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ náà, agbẹjọ́rò á dúró ti aláìsàn, adájọ́ sì lè ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo jókòó sí yàrá yẹn. Ọmọ mi wọ aṣọ òtútù méjì léra nínú oṣù kẹfà. Adájọ́ obìnrin náà ò bi èmi ní nǹkan kan fún bí ogún ìṣẹ́jú, òun ló ń bi. Ọmọ mi sọ fún un pé òun ò ṣàìsàn, pé ìyá òun ló ń ṣàìsàn. Ó dùn mí wọ eegun, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Bàbá, ohun tí mo rò pé ó ya okùn méjèèjì sọ́tọ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n so rí ẹni tí kì í ṣe ẹbí, tí kì í ṣe dókítà, tó wá bi í léèrè, tó sì ní àṣẹ láti tú u.

Adájọ́ ní kó dúró. Oṣù mẹ́rin ni ọmọ mi ò fi pè mí ní màmá.

Ọmọ_Àkàbà_Ìdẹ́nà (Kétu), Ọjọ́bọ̀, 12:30 ọ̀sán

Ẹ má bínú o, láyé àwọn ìyá wa, ọmọ kì í kọ oúnjẹ. Fóònù ló ń kọ́ wọn. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gún iyán tó dán, ẹ jókòó tì í kó jẹ ẹ́ tán. Ọmọ á yí padà.

Arẹ́wà_Kútọ̀nù, Ọjọ́bọ̀, 10:50 alẹ́

Mo fẹ́ràn ibí yìí, mi ò sì kọ nǹkan kan rí. Lónìí mo máa kọ.

Ẹ̀gbọ́n Àkàbà Ìdẹ́nà, wọ́n gún iyán fún mi. Wọ́n jókòó tì mí. Mo mọ bí ojú màmá mi ṣe rí nígbà tí mò ń yí òkèlè kan ṣoṣo fún wákàtí kan. Ìbẹ̀rù tó wà nínú òkèlè yẹn, ẹ fojú inú wò ó pé ẹnì kan ní kí ẹ ki ọwọ́ bọ inú epo gbígbóná, tó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí yín pé kò gbóná. Kì í ṣe agídí rárá.

Ọdún méje sẹ́yìn ni wọ́n gbé mi dúró sí ọsibítù, ọmọ ogún ọdún ni mí. Mo kọ̀, mo fa rọ́bà yẹn yọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, àwọn méjì di apá mi mú. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀: òtútù rọ́bà náà nínú ọ̀fun, plásítà tí ń fa irun etí mi, omijé tí mi ò lè nù torí wọ́n di ọwọ́ mi mú. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ àgbàlagbà, ó ní kí wọ́n dúró ná, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, ó ní: "Ihò imú wo lo fẹ́, tọ̀tún ni tàbí tòsì?" Mo ní tòsì. Nínú gbogbo oṣù yẹn, nǹkan kan ṣoṣo tí mo yàn fúnra mi nìyẹn.

Ṣé inú mi dùn pé wọ́n dá mi dúró? Mi ò ní parọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọpọlọ mi tó tún ṣiṣẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, bí ẹni pé rédíò kan ń ké nínú orí mi ni, tí kò jẹ́ kí n gbọ́ ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá ti fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìpinnu tí ẹ̀ ń pè ní tèmi, ohùn rédíò yẹn ni ì bá ṣe é. Mo wà láàyè lónìí, mo ní ọmọ kan. Mo dárí ji dókítà, mo dárí ji àwọn tó di apá mi mú. Ẹni tó pẹ́ kí n tó dárí jì ni bàbá mi, torí ó ní ìgbéyàwó là ń lọ. Mo ti wọ aṣọ ẹbí, mo ti wé gèlè. Ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni mo ti mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀wàndó, ẹ má parọ́ fún un láé. Ẹ ti fọwọ́ sí i lójú rẹ̀, ó dáa. Ẹ lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ kódà tó bá kọjú sógiri. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ẹ bá mi bẹ gbogbo ẹbí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé "O ti ń lára o!" tàbí "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ!" Mo mọ̀ pé oríyìn ni lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi padà sẹ́yìn oṣù méjì. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, tàbí pé ó rántí nǹkan kan. Bákan náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ iye kílò síbí mọ́. Ẹni tó ní àìsàn yìí tó bá kà á, yóò fẹ́ fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ_Ọ̀wàndó, Ọjọ́ Ẹtì, 5:20 àárọ̀

Mo ti sunkún tán. Ẹ ṣé, àbúrò mi. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kílò yẹn, mi ò ní kọ ọ́ mọ́. Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, mo bi wọ́n.

Álífà_Ìta, Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀

Àṣálámù aléékúmù. Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ààwẹ̀.

Nínú Suratul Bakara, ẹsẹ̀ 184 àti 185, Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó má gbààwẹ̀, kó sì ka ọjọ́ náà padà nígbà mìíràn. Àwọn onímímọ̀ sọ pé tó bá jẹ́ pé ààwẹ̀ yóò pa á tàbí ṣe é léṣe gidi, èèwọ̀ ni kó gbà á. Ọmọbìnrin yẹn ò jẹ Ọlọ́run ní gbèsè kan lónìí. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù gbèsè ló wà nínú àìsàn náà, kódà díẹ̀, ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ ẹ̀sìn. Mo ti gba ohùn mi sílẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni. Mi ò wàásù níbẹ̀, mo kí i ni. Mo ti fi ránṣẹ́ sí alábòójútó ojú-òpó. Ẹ fún un gbọ́ tí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀. Màmá yín náà lè gbọ́ ọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Calavi, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:10 òru

Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò wọn ń gé àkàrà wẹ́wẹ́, ó sì gba ìdáná. Ó rán mi létí ohun tí wọ́n kọ́ wa. Ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, ní 1944 sí 1945, ọkùnrin 36 tí ara wọn le fínnúfíndọ̀ jẹ́ kí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù fún oṣù mẹ́fà. Kò sí ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ nínú wọn. Láìpẹ́, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò: wọ́n ń ka ìwé ìdáná, wọ́n ń fi oúnjẹ ṣeré nínú àwo kó lè pẹ́, òtútù ń mú wọn, inú wọn bà jẹ́, wọ́n ń yẹra fún èèyàn. Èyí jẹ́ ká mọ̀ pé púpọ̀ nínú ìwà tí à ń bínú sí, ebi fúnra rẹ̀ ló ń hù ú. Bí ara bá rí oúnjẹ, apá kan á lọ, ìyẹn kan ṣoṣo ló sì jẹ́ kí ipá nítumọ̀: kí ebi lè kúrò lójú kí èèyàn lè bá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rí ò sí lápá kan ṣoṣo o. Ìwádìí kan ní Iowa tó jáde ní 2000 wo aláìsàn 397, wọ́n fi tipá dá 66 dúró. Ara àwọn 66 yìí ń padà bọ̀ sípò bíi ti àwọn yòókù, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì gbà lẹ́yìn náà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní London, ìwádìí ti 1999 fi 81 tí wọ́n fi tipá tọ́jú wé 81 tó gbà fúnra wọn. Ní ọsibítù, ìwọ̀n tí wọ́n gbà padà sún mọ́ra. Nígbà tí ọdún ń gorí ọdún, àwọn tó kú nínú àwọn ti tipá pọ̀ ju ti àwọn tó gbà fúnra wọn lọ. Ó lè jẹ́ pé àìsàn tiwọn ló le jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń sọ fún wa pé ewu ò lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2012, adájọ́ kan ní kí wọ́n fi tipá bọ́ obìnrin ọmọ ọdún 32 kan. Lọ́dún kan náà, adájọ́ mìíràn ní kí wọ́n má fi tipá bọ́ obìnrin kan, nítorí ipá náà fúnra rẹ̀ lè gba ẹ̀mí obìnrin náà. Àwọn tó mọ òfin dunjú pàápàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò ó.

Bàbá_Ṣábẹ, Ọjọ́ Àìkú, 7:00 àárọ̀

Ìyá Kétu, mo dúpẹ́. Ìdáhùn yín wọlé. Kò sẹ́ni tó wá bi àbúrò mi léèrè. Èmi ló yẹ kó lọ, oṣù méjì ni mo fi jókòó sílé.

Ọmọbìnrin Àjàṣẹ́, bí adájọ́ kankan ò bá yọjú, ẹ wá ẹnì kan nínú ẹbí tí kì í ṣe ìwọ, torí ìwọ lo fọwọ́ sí i. Bóyá ẹ̀gbọ́n bàbá yín tó ń bínú yẹn gan-an. Kó máa lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó bi dókítà pé ọjọ́ wo ni ẹ máa tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, kó bi ọmọ náà pé kí ni wọ́n ṣe fún un lónìí. Ẹni tó ń bínú kì í sùn níbi iṣẹ́ yẹn.

Ọmọ_Ọ̀wàndó, ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa gbà. Ọjọ́ kìíní tó lọ, ó bá nọ́ọ̀sì kan jà torí wọ́n fi rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú láìtí ilẹ̀kùn, àwọn èèyàn ń kọjá. Láti ọjọ́ náà wọ́n ń fa aṣọ bo ibẹ̀. Màmá wa wá láti Sakété, ó gbọ́ ohùn Álífà, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kò tún dárúkọ ilé àdúrà. Àbúrò mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ nǹkan kan.

Rọ́bà ṣì wà nímú rẹ̀, àmọ́ wọ́n ń jẹ́ kó máa gbìyànjú àtifi ẹnu mu nǹkan díẹ̀. Lánàá mo bá a pẹ̀lú ìlàjì ife ògì lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì jókòó tì í. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, omijé ń kán sínú ife náà, ó sì ń mu ún bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá nìyẹn tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ máa lọ nígbà tó ní, láìwo ojú mi:

"Ta ló ń dáná nílé?"

Mo ní èmi ni.

Ó ní kí n má máa fi iyọ̀ púpọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì Kétu, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú díẹ̀ láàárọ̀ yìí, tí mo bá fìka tẹ̀ ẹ́ ó ń jìn. Ṣé kí ẹ̀rù bà mí?

Nọ́ọ̀sì_Kétu, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ tí oúnjẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sára, ṣùgbọ́n ẹ má fi dá ara yín lójú. Ẹ lọ sọ fún wọn nísinsìnyí, kí wọ́n tún fọ́síféètì àti pòtásíọ̀mù wò lálẹ́ yìí, kí wọ́n sì gbọ́ bí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣe ń dún. Tó bá ń mí gúlegúle tàbí tó ní òun ò lè sùn gbalaja, ẹ pariwo. Kí wọ́n sọ fún òun náà ìdí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, kó má lọ rò pé ọ̀rá ni. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di agogo méje àárọ̀, ẹ kọ̀wé sí mi.